"Active" tí systemctl kọ kì í ṣe ẹ̀rí pé firewall ti wà lẹ́nu iṣẹ́

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín àwa tí à ń lo Ubuntu (irú Linux kan), ó sì ti sú mi láti máa gbọ́ ọ: pé bí ènìyàn bá tẹ àṣẹ systemctl status ufw (ufw ni ètò tí à ń fi darí firewall Ubuntu), tí ó sì rí active ní àwọ̀ ewé, firewall rẹ̀, ọlọ́dẹ tí ń dá ìsopọ̀ tí a kò fẹ́ dúró, ti ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà nìyẹn. N kò ní sọ ìdí tí firewall fi wúlò. Ẹni tí ó ti dé ibi tí yóò ti máa yẹ̀ ẹ́ wò ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún ìlà yẹn kà. Exited wà nínú àkámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ active, òun sì ni gbogbo ènìyàn máa ń fojú fò. Iṣẹ́ ufw tí systemd, ètò tí ń tan àwọn iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí systemctl sì ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ń ròyìn kéré: nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, ó wo fáìlì /etc/ufw/ufw.conf bóyá ENABLED=yes tàbí ENABLED=no ni a kọ síbẹ̀, ó ṣe bí fáìlì bá ti wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí ó bá bá no níbẹ̀, kò ní gbé òfin kankan fún kernel, ọkàn Ubuntu, tí ó jẹ́ pé òun gan-an ni ó ń dá nǹkan dúró. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí kò kùnà, active náà ni systemd yóò kọ. Ọlọ́dẹ dé, ó fọwọ́ sí ìwé, ó padà sílé lọ sùn. Ìwé kò purọ́. Láti ìgbà tí ufw sì ti bá Ubuntu 8.04 wọlé ní ọdún 2008, pípa ni ó máa ń wà títí ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà yóò fi tẹ sudo ufw enable.

Ó jọ pé ohun tí ó ń bí àṣìṣe yìí ni pé systemctl kì í béèrè password, nígbà tí ufw kì í dá ẹni tí kì í ṣe root (alákòóso kọ̀ǹpútà, tí à ń fi sudo dà) lóhùn. Sudo ufw status verbose ni kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ní Status: inactive, ọ̀rọ̀ parí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti profile. Sudo ufw app list lè to CUPS (ètò ìtẹ̀wé) àti OpenSSH (ètò tí à ń fi wọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè) sílẹ̀, ẹnìkan a sì ní òun ti fún wọn láyè. Orúkọ lásán ni o! Fáìlì inú /etc/ufw/applications.d ni wọ́n, tí ń sọ port (ẹnu ọ̀nà tí ó ní nọ́ńbà) tí ètò kọ̀ọ̀kan ń lò, bíi 22 fún OpenSSH. New profiles: skip tí a máa ń rí nínú èsì status verbose bí ufw bá wà ní títàn kò túmọ̀ sí pé nǹkan bàjẹ́, ohun tí ó ń sọ ni pé bí ètò tuntun bá mú profile tirẹ̀ wá, ufw kò ní tìtorí rẹ̀ dá òfin sílẹ̀.

Síbẹ̀, n kò ní sọ pé gbogbo ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ inactive ló wà nínú ewu. Bí sudo ss -tulpn bá fi hàn pé 127.0.0.1:631 nìkan, àdírẹ́sì inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ni CUPS ti ń fetí sílẹ̀, ará ìta kò lè kàn án níbẹ̀. Lórí Wi-Fi ilé ìtura, èmi yóò tan ufw. Kí ẹni tí ó ń lo Docker (ètò tí ń mú ètò mìíràn ṣiṣẹ́ nínú àpótí tirẹ̀) sì ṣọ́ra, nítorí port tí ó bá fi -p ṣí sílẹ̀ sábà máa ń gba ẹ̀yìn àwọn òfin ufw kọjá, bí Status tilẹ̀ jẹ́ active; ẹni tí ó sì ń gba orí SSH ṣe é láti òkèèrè, kí ó kọ́kọ́ tẹ sudo ufw allow OpenSSH kí ó tó tẹ enable, kí ó má baà ti ara rẹ̀ mọ́ ìta.