Ibi tí kọ̀ǹpútà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba àbùjá

Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọmọ kan tí mò ń kọ́ ní C, èdè tí wọ́n fi ń kọ púrógíráàmù kọ̀ǹpútà, ní Ìyàrá ló bi mí pé kí ló dé tí kọ̀ǹpútà kì í wo ẹ̀yìn && (àmì "àti") rárá bí iwájú ẹ̀ bá ti já sí irọ́. Mo ní bí màmá ẹ bá ní "tó bá jẹ́ òní lọjà Kàbà, tí mọ́tò sì wà, a máa lọ," tó o sì mọ̀ pé òní kọ́ lọjà, ṣé wàá tún rìn dé gáréèjì lọ wo mọ́tò? Ó ní rárá. Ohun tí wọ́n ń pè ní short-circuit nìyẹn, kì í ṣe ti wáyà tó ń jóná o, àbùjá ni.

Àmọ́ ẹnì kan ló jókòó ro ó. Nínú ìwé tí George Boole, onímọ̀ ìṣirò, kọ ní 1854, A àti B ò yàtọ̀ sí B àti A, kò sí èyí tó ṣáájú. Ìgbà tó di 1957 sí 1958, John McCarthy, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, ń kọ púrógíráàmù eré chess ní Fortran, èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, IF (àṣẹ "tí") inú Fortran ò rọrùn lò, ló bá ṣe fọ́ńṣọ̀n (ègé iṣẹ́ tí wọ́n ń fi orúkọ pè) tiẹ̀, ó pè é ní XIF, o máa fún un ní nǹkan mẹ́ta, tí àkọ́kọ́ bá jẹ́ òótọ́ á mú ìkejì, tí ò bá jẹ́ òótọ́ á mú ìkẹta. Wàhálà ẹ̀ ni pé Fortran á ti ṣírò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán kó tó wọnú XIF rárá, títí kan èyí tí wọ́n fẹ́ jù nù! Ohun tó fà á nìyẹn tó fi ṣe èyí tó ń ṣírò kìkì ohun tó bá nílò, ó gbé e wọ Lisp, èdè kọ̀ǹpútà tiẹ̀, nígbà tó sì máa di April 1960 ó ti kọ ọ́ jáde pé tí p bá jẹ́ irọ́, "p àti q" ti di irọ́, q ò kàn wá mọ́. Ó tún sọ níbẹ̀ pé tí q ò bá ní ìdáhùn, "p àti q" lè dáa kí "q àti p" má dáa. Ọmọ yẹn fojú ara ẹ̀ rí i, púrógíráàmù àjọ ló ń kọ: n != 0 && owo / n > 500, ìyẹn tí n ò bá jẹ́ 0, tí owó tí wọ́n pín sí n sì ju 500 lọ. Mo ní kó yí i po, kó fi n sí 0, bó ṣe kú sójú ẹsẹ̀ nìyẹn, torí kò sí ẹni tó lè fi 0 pín nǹkan.

Ibi tó ti wá di && ni Bell Labs, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà. Nínú B, èdè tó ṣáájú C, & kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ méjì, tó bá wà nínú if á gba àbùjá, tó bá wà níbòmíì á máa da bit (àwọn 0 àti 1 inú nọ́ńbà) pọ̀. Ó ń rú èèyàn lójú. Alan Snyder ló dábàá fún Dennis Ritchie, ẹni tó ṣe C, pé kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, ni && àti || (àmì "tàbí") bá wọ C. Ada, èdè kọ̀ǹpútà míì, ní tiẹ̀ kọ ọ́ jáde kedere, and then àti or else.

Ṣùgbọ́n Ritchie fi & sílẹ̀ sí ipò tó wà tẹ́lẹ̀ nínú ètò ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ ṣírò, kí kóòdù B má bàa bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí a & b == 0 fi ń wo b == 0 (bóyá b dọ́gba pẹ̀lú 0) ná, kó tó kan &, títí dòní. Gbogbo ọmọ tí mo bá kọ́ ni mo ń bẹ̀ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bráákẹ́ẹ̀tì sí i.