Oògùn tí kò ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, báwo ló ṣe ń pa ìrora?

Ní ọjọ́ 30, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2025, FDA, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí oògùn ìrora kan tí ń jẹ́ suzetrigine. Ìròyìn ní ara iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe inú ọpọlọ, èyí sì ti da ọ̀pọ̀ òǹkàwé rú.

Ṣebí ọpọlọ la fi ń mọ ìrora?

Bẹ́ẹ̀ ni.

Bí mo bá fẹsẹ̀ kọ òkúta ńkọ́?

Ìka ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ tí ara ń rán sí ọpọlọ ti jáde. Inú ọpọlọ ló ti di ìrora. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí ń ṣọ́ ewu: ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí, ṣùgbọ́n okùn tín-ín-rín ara wọn gùn dé awọ ẹsẹ̀. Bí ìpalára tàbí ooru tó kọjá nǹkan bíi 43°C bá kan ẹnu okùn náà, ihò kéékèèké ara rẹ̀ yóò ṣí, sódíọ̀mù, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀, yóò ya wọlé, iná mànàmáná kékeré yóò sì sáré lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí sẹ́ẹ̀lì mìíràn ti ń gbé e lọ sí ọpọlọ. Àwọn okùn tó yára ń sáré mítà 5 sí 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tó lọ́ra kì í kọjá nǹkan bíi mítà 2. Ìdí nìyí tí èèyàn fi máa ń ráyè ké “yéè” kí ríro gidi tó dé.

Ata kì í ṣe iná, kí ló dé tó fi ń jóni lẹ́nu?

Ihò tí ooru ń ṣí náà ni ata ń ṣí. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì David Julius àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi èyí hàn ní 1997, ó sì wà lára ohun tó mú kí òun àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, Ardem Patapoutian, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021.

Ṣé aláìsàn ń díbọ́n ni, bí ó bá jẹ́ pé ọpọlọ ló ń ṣe é?

Rárá o. Kò sí ìrora kankan tí kì í ṣe ọpọlọ ló ṣe é. Ẹni tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa jẹ̀rora ní àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò sí mọ́, nítorí pé apá ọpọlọ tó wà fún ẹsẹ̀ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe àfiṣe ọ̀tá.

Kí wá ni oògùn náà ń ṣe?

Ó ń dí ọ̀kan lára àwọn ihò sódíọ̀mù náà, NaV1.8, kí iṣẹ́ má baà dé ọpọlọ. Inú ọpọlọ gan-an ni àwọn oògùn ìrora líle bíi mọfíìnì àti tramadol ń wọ̀, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń sọ èèyàn di ẹrú wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu: nínú ìdánwò lára àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, kò borí oògùn irú ti mọfíìnì tí wọ́n fi wé e.

Kò ha ní dára kí a má mọ ìrora rárá?

Ní Pakistan, ọmọkùnrin kan wà tí ń fi ọ̀bẹ gún apá ara rẹ̀ yọ, tó sì ń rìn lórí ẹyin iná kí àwọn òǹwòran lè fún un lówó. Ó bẹ́ láti orí òrùlé, ó sì kú kí ó tó pé ọmọ ọdún 14. Ìwádìí tó jáde ní 2006 fi hàn pé NaV1.7, tí í ṣe ìbátan NaV1.8, kò ṣiṣẹ́ lára àwọn mìíràn ní Pakistan tí wọn kò mọ ìrora bíi tirẹ̀.

Kí ni kí n wá ṣọ́ra fún?

Bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín lójoojúmọ́, nítorí pé àìsàn náà ń ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́, ìṣó sì lè wọlé láìdunni. Bí àyà bá ń ro yín tí ríro náà ń bọ́ sí apá òsì tàbí àgbọ̀n, ẹ má ṣe fi oògùn ìrora bò ó mọ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.