Ta Ló Fi Jẹjẹrẹ Ránṣẹ́?

Bí jẹjẹrẹ bá mú ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọjà Òkè-Ajé ti dájọ́ ná. "Ìyá Bọ́lá, ọwọ́ ayé ni o. Orogún ìyá rẹ̀ ló mọ̀ nípa ẹ̀." Àwọn tó kàwé á ní irọ́ ni, èròjà amọ́bẹ̀dùn ni, àbí ike tí wọ́n ń bu ọbẹ̀ gbígbóná sí. Ọ̀rọ̀ wọn ò jọra, ṣùgbọ́n ibì kan náà ló já sí: ohun tó ba ara jẹ́, ìta ló ti wá.

Òótọ́ ni pé èéfín sìgá ń fa jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n lára àyípadà tó ń dé bá DNA, ìwé ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì ara, tó sì lè di jẹjẹrẹ, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé inú ara fúnra rẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́tà mẹ́rin ni DNA ní: A, C, G àti T. Àwọn ẹ́ńsáìmù (òṣìṣẹ́ kéékèèké inú sẹ́ẹ̀lì) tó ń jẹ́ DNMT máa ń lẹ ègé kékeré kan, methyl, mọ́ C tí G bá tẹ̀ lé. Àmì yẹn kì í ṣe àrùn. Òun ló ń jẹ́ kí jíìnì, ìyẹn abala DNA tó ní iṣẹ́ tirẹ̀, dákẹ́ nígbà tí kò yẹ kó ṣiṣẹ́. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé C kì í dúró bó ṣe wà títí. C lásán lè ṣàdédé di U. U ò sì sí lára lẹ́tà DNA, nítorí náà àwọn ẹ́ńsáìmù atúnṣe á tètè rí i, bí ẹni tí kò wọ aṣọ ẹgbẹ́ láàárín régbérégbé ní Ojúde Ọba, wọ́n á sì yọ ọ́. C tó ní methyl kò rí bẹ́ẹ̀: T ló ń dà, T sì rèé, ọmọ onílé ni. Okùn méjì tó kọjú síra ni DNA, C ló sì yẹ kó dojú kọ G; ní báyìí, G àti T wá dojú kọ ara wọn. Èwo ni ká yọ? Ẹ́ńsáìmù méjì, TDG àti MBD4, ló mọ irú iṣẹ́ yìí, àmọ́ wọn kì í bá gbogbo rẹ̀. Nítorí èyí ni irú C bẹ́ẹ̀ fi ń yí padà ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ju àwọn lẹ́tà yòókù lọ. Nínú jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ojú ibẹ̀ gan-an ni púpọ̀ nínú àbùkù TP53, jíìnì tó ń dènà jẹjẹrẹ, wà.

Ó tún ku kan. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé DNMT máa ń ṣèèṣì lẹ methyl sí ibi tí kò yẹ lára C, ìyẹn sì ni ìbàjẹ́ pọ́nńbélé. Ẹ́ńsáìmù mìíràn, ALKBH2, ló ń tún un ṣe. Wọ́n wò ó káàkiri ẹ̀dá: àwọn tí DNMT ti pòórá lára wọn, bí àwọn aràn kan, irú ALKBH2 sábà máa ń pòórá lára àwọn náà, bí ẹni pé kò sí ìbàjẹ́ tó máa tún ṣe mọ́.

Ní tèmi, ẹ̀sùn orogún yìí ló ń bí mi nínú jù, torí ó ń tú ilé ká lásán. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹbí bi dókítà wà. Nínú jẹjẹrẹ ìfun ńlá, methyl lè pa jíìnì atúnṣe kan, MLH1, lẹ́nu mọ́ láìyí lẹ́tà kankan padà. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé MLH1 kò ṣiṣẹ́, wọ́n lè wò ó bóyá methyl ló fà á. Bó bá jẹ́ òun ni, ó sábà máa ń jẹ́ pé kì í ṣe àrùn ìdílé tí àwọn ọmọ aláìsàn lè jogún.