"Sítúdíò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe": kí ni wọ́n ń tà gan-an?

"Sítúdíò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, àdúgbò tí onírúurú èèyàn ń gbé, títà ni." Bí ìpolówó ilé ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló yẹ ká tú níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ní ìtumọ̀ tó dúró sójú kan. Èkejì ń nà, ó ń súnkì bíi rọ́bà. Ẹ̀kẹta kò sọ nǹkan kan nípa ilé náà rárá. Èyí tó ń nà bíi rọ́bà yẹn ló ń gbé owó ilé sókè, òun sì ni mo fẹ́ jókòó tì jù.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ítálì ni ọ̀rọ̀ náà, sítúdíò, ti wá. Ibi iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, yàrá gbayawu kan tí kò sí ìdènà láàárín rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé orúkọ náà sórí ilé gbígbé, ó di fúláàtì tí yàrá kan ṣoṣo ti jẹ́ pálọ̀, tó jẹ́ yàrá ìsùn, tó tún jẹ́ kíṣìnì. Balùwẹ̀ nìkan ló ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Yàrá tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ jọ ń lo balùwẹ̀ kan pẹ̀lú àwọn ará ilé yòókù kì í ṣe sítúdíò, bó ti wù kó tóbi tó. Ilé tí wọ́n fi ògiri àti ilẹ̀kùn ya yàrá ìsùn rẹ̀ sọ́tọ̀ náà kì í ṣe sítúdíò, bó ti wù kó kéré tó.

Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò sọ bí ilé ṣe fẹ̀ tó. Àyè tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan là ń kọ ní 1 m². Ní Faransé, ìlànà ilé tí wọ́n máa fi rẹ́ǹtì ní kí yàrá ńlá inú rẹ̀ tó 9 m², kí àjà rẹ̀ sì ga tó mítà 2.20, tàbí kí gbogbo àyè inú rẹ̀, tí a bá ka gíga mọ́ gígùn àti fífẹ̀, tó 20 m³. Ní England, ìlànà ilé tuntun tí ìjọba gbé jáde ní ọdún 2015, fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ lò ó, ní kí ilé ẹni kan tó ní ṣáwà tó 37 m². Ẹ wo bí 9 ṣe jìnnà sí 37, sítúdíò sì ni wọ́n lè pe méjèèjì. Ẹ béèrè nọ́ńbà náà, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n kà mọ́ ọn. Ilé abẹ́ òrùlé tó dagun máa ń ní igun tí èèyàn kò lè nàró nínú rẹ̀. Òfin Carrez, tí wọ́n ṣe ní Faransé ní ọdún 1996, kì í ka ibi tí àjà rẹ̀ kò bá ga tó mítà 1.80 mọ́ àyè tí wọ́n ń tà. Níbi tí kò ti sí irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹ gbé okùn ìwọ̀n dání.

Ó wá ku "tún ṣe". Ẹni tó kun ọ̀dà, tó sì pààrọ̀ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, á ní òun tún ilé ṣe. Ẹni tó tú ògiri dé bíríkì, tó fa wáyà tuntun, tó yọ gbogbo páìpù àtijọ́ dànù, òun náà á ní òun tún ilé ṣe. Nínú fọ́tò, ilé méjèèjì jọra bí ìbejì, torí ojú ògiri ni kámẹ́rà ń rí, inú ògiri ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibi omi. Nínú sítúdíò, kíṣìnì àti balùwẹ̀ sábà máa ń fẹ̀yìn ti ògiri kan náà, nítorí ibì kan ni páìpù ìdọ̀tí gbogbo ilé ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè délẹ̀. Nígbà míì, ẹni tó tún ilé ṣe á gbé síǹkì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kó lè rẹwà. Ó ti di dandan nìyẹn kí páìpù rẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀ padà wá, kó sì máa dagun, bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mítà kọ̀ọ̀kan. Bó bá tẹ́jú jù, ọ̀rá àti ìdọ̀tí á jókòó sínú rẹ̀, òórùn á sì máa bá onílé gbélé. Torí náà, síǹkì tó bá jìnnà sí ògiri balùwẹ̀, ẹ bi wọ́n bí omi rẹ̀ ṣe ń jáde. Ẹ ṣí omi síǹkì àti ti ṣáwà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wo bóyá ọ̀kan nínú wọn á rọ. Ẹ da omi díẹ̀ sílẹ̀ balùwẹ̀: ṣé ojú ihò ló ń ṣàn lọ ni, àbí ẹnu ọ̀nà?

Ẹ fi ìka kan táìlì náà. Èyí tó lẹ̀ dáadáa kì í dún kọjá "kì". Èyí tí wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù tó sí nígun mẹ́rin á dún bí akèrègbè òfìfo, ibẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ là.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Ẹni tó ń gbé sítúdíò ń dáná nínú afẹ́fẹ́ tó máa sùn sí, ooru balùwẹ̀ sì kàn ní láti gba ẹnu ọ̀nà kan jáde wá bá a ni. Mo ti dúró nínú ọ̀kan rí tó ń dán gbinrin, ẹ̀rọ tó ń fa èéfín wà lókè sítóòfù, ó ń ké bí oyin. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè rẹ̀. Kò sí páìpù kankan níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń sẹ́ èéfín ni, ó sì ń dá a padà sínú yàrá. Irú rẹ̀ lè gba ọ̀rá àti òórùn díẹ̀, àmọ́ kò lè gba ooru omi. Ooru yẹn á lọ di omi lójú fèrèsé àti lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, láìpẹ́ ògiri tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í bu, á hu dúdú.

Ní ti iná, súìṣì tuntun kì í ṣe ẹ̀rí wáyà tuntun. Àpótí iná ni kí ẹ ṣí. Sítóòfù iná àti ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná yẹ kí wọ́n ní wáyà tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tó ti inú àpótí náà wá.

Ọjọ́ orí ilé náà ṣe pàtàkì. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé, ọdún 1999 sì ni Britain fòfin de asbestos pátápátá, ìyẹn fọ́nrán òkúta tí wọ́n máa ń fi kọ́lé, tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ilé tó bá dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n wá fá ògiri rẹ̀ tàbí tí wọ́n fọ́ àjà rẹ̀, ẹ bi wọ́n ẹni tó ṣe àyẹ̀wò kí eruku tó sọ. Àwọn sítúdíò kan sì wà tí kì í ṣe sítúdíò látilẹ̀: ilé oníyàrá kan ni, wọ́n wó ògiri àárín. Bó bá jẹ́ ògiri tó ń ru ilé ni, lẹ́tà ẹnjiníà àti ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ gidi kì í wá rísíìtì tì. Ẹni tó bá ń sọ pé "gbogbo ẹ̀ ló tuntun" láìní ìwé kankan, iye ọ̀dà ni kí ẹ san fún un.

Ẹ rántí pé àtúnṣe inú fúláàtì kò kan òrùlé. Ẹni tó ra sítúdíò ra ìpín nínú ilé ńlá náà: ẹ̀rọ agbéniròkè, àtẹ̀gùn, páìpù gbogbogbò, àti owó tí gbogbo onílé jọ ń dá. Ẹ ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn onílé hàn yín. Bí wọ́n bá ti ń jiyàn lórí òrùlé láti ọjọ́ pípẹ́, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ló máa bá wọn san án.

"Àdúgbò onírúurú èèyàn" wá ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, òfin ilé gbígbé ti ọdún 1968 kò gba ìpolówó ilé láyè láti fi hàn pé ẹ̀yà kan tàbí ẹlẹ́sìn kan ni wọ́n ń fẹ́ tàbí tí wọn ò fẹ́. Ìdí kan nìyẹn tí ejẹ́ńtì fi máa ń sọ ọ́ ní gbogbogbò, kó má bàa ṣi ẹnu sọ. Ọ̀rọ̀ tó dùn ún gbọ́ ni, ó sì lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ kò sọ bóyá ọkọ̀ èrò wà nítòsí tàbí bóyá òpópónà náà máa ń sùn lóru. Ẹ lọ síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tì í, kí ẹ sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ariwo tó bá ṣì ń wọlé nígbà náà, ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí yín ló máa wà. Sítúdíò kò ní yàrá ẹ̀yìn téèyàn lè sá sí.