Abẹ́ Jíípù Ni Owó Rodiwọ́tì Ń Lọ

Ẹni tó ní jíípù àtijọ́ máa ń ráhùn pé rodiwọ́tì, ìwé tó ń fi hàn pé ọkọ̀ yẹ lójú títì, ń jẹ òun lówó. Ìwé kọ́ ló ń jẹ ẹ́. Àtúnṣe tí mọ́tò ti ń bèèrè fún láti ọjọ́ pípẹ́, tí ọjọ́ àyẹ̀wò wá tú àṣírí rẹ̀, ni owó ń bá lọ.

Ọdọọdún ni mọ́tò ara ẹni ń gba ìwé yìí lọ́wọ́ àwọn VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni ti ọkọ̀ èrò. Iná, hóònù, wáípà, bẹ́líìtì ìjókòó: rewáyà kan ní Òfà Gáréèjì, Ìlọrin, lè parí gbogbo ìyẹn kí ọ̀sán tó pọ́n. Owó bíréèkì àti búṣì, rọ́bà tó wà ní oríkèé ẹsẹ̀ mọ́tò, ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá lára jíípù tí wọ́n ti wọ táyà ńlá sí, torí ìwúwo táyà náà ń tètè jẹ bọ́ọ̀lì jọ́ìntì, oríkèé irin tí ẹsẹ̀ táyà fi ń yí. Ti táyà wá ní ọgbọ́n tirẹ̀. Jíípù tí kì í jáde ju ọjọ́ oko lọ lè ní táyà tí ojú rẹ̀ ṣì jìn dáadáa, síbẹ̀ kí rọ́bà rẹ̀ ti gbó, kó ti máa sán. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí a wò: 2319 ń sọ pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é.

Ṣùgbọ́n ṣásì ni ọ̀rọ̀ wà.

Irin gígùn méjì ló lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn lábẹ́ jíípù, tí irin kúkúrú kúkúrú sì dábùú láàárín wọn. Ti Land Rover àtijọ́, inú irin wọ̀nyí ṣófo. Bọ́dì tó wà lókè, alumíníọ̀mù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í dípẹtà bíi irin. Ìdí nìyẹn tí òkè fi ń dán nígbà tí ìsàlẹ̀ ń jẹrà. Wọ́n dá ihò sí abẹ́ ṣásì kí omi lè máa ro jáde. Bí jíípù náà bá wá rin ọ̀nà oko ní agbègbè Òmù-Àrán tàbí Ìgbàjà nígbà òjò, ẹrẹ̀ pupa á dí ihò náà pa. Ọ̀nà á gbẹ, mọ́tò á gbẹ, ẹrẹ̀ inú ṣásì á ṣì tutù. Inú ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ irin náà tán kí ó tó yọjú síta. Tòkunbọ̀ láti Yúróòpù tilẹ̀ lè ti gbé tirẹ̀ wá láti ọ̀hún, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín.

Ohun tó ń bíni nínú níbí ni ọ̀dà dúdú. Àwọn kan gbà pé bí wọ́n bá ti kun ọ̀dà sí abẹ́ mọ́tò, ìpẹtà ti kú. Kò kú. Omi àti afẹ́fẹ́ ló ń bí ìpẹtà, ẹni tó sì kun ọ̀dà lé irin tó ti dípẹtà ti há omi mọ́ ibẹ̀ ni. Ìpẹtà tún máa ń wú ju irin tó jẹ lọ, á ti ọ̀dà náà sókè, á là, omi tuntun á wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́, kó mú òòlù kékeré, kó rọra lù ú. Irin tó yè á dún gooro. Èyí tó ti jẹrà á dún bùú, èèpo pupa á sì máa já bọ́ sójú ẹni tó wà lábẹ́.

Kò sí wẹ́dà tó lè dá iye owó títún ṣásì tó jẹrà ṣe kó tó gé e. Ẹni tó bá ti gé iṣu tó ń jẹrà rí mọ bó ṣe ń lọ: lórí èèpo, àpá kékeré ni, ọ̀bẹ á wọlé, ó dúdú, a tún gé e, kò tíì mọ́, ọwọ́ kò ní dúró àfi tí a bá kan ibi funfun. Ìyá tó fẹ́ gúnyán lè sọ ìdajì nù, kó mú òmíràn. Ṣásì kò ní òmíràn nílé. Gbogbo ibi tí a gé ni a óò fi irin tó nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀ dí. Kí iná wẹ́dà tó tàn rárá, wọ́n á ti yọ bátìrì, wọ́n á sọ táǹkì epo kalẹ̀, wọ́n á ká wáyà àti páìpù bíréèkì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ yìí ló ń gba owó ju irin lọ.

Ọ̀nà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà ṣe àyẹ̀wò ọkọ̀ tiwọn lọ́gbọ́n nínú. MOT ni wọ́n ń pè é, ó ti wà láti 1960, owó àyẹ̀wò mọ́tò lásán kò sì gbọ́dọ̀ ju pọ́n-ùn 54.85 lọ. Wọn kò ní kí gbogbo ìpẹtà já mọ́tò kulẹ̀. Ìpẹtà tó ti sọ irin di aláìlágbára láàárín ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sí ibi tí sípíríǹgì, sítiarin tàbí bẹ́líìtì ìjókòó ti so mọ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń wá, nítorí ibẹ̀ ni agbára ń gbà kọjá. Irin tí wọ́n bá fi lẹ̀ ẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ jó o yípo ní ìlà kan láìjá. Kì í ṣe kí wọ́n jó o níhìn-ín lọ́hùn-ún, kí wọ́n fi bọ́dì fílà, ìpara tí wọ́n fi ń dí ojú bọ́dì, parí ìyókù.

Níbi tí wọ́n bá ti ń yẹ mọ́tò wò lórí ìdúró, láìgbé e sókè, ẹni tó sanwó fún wẹ́dà àti ẹni tó ra gálọ́ọ̀nù ọ̀dà dúdú yóò gba ìwé kan náà. Àléébù tó ga jù nínú irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ nìyẹn, torí ẹni tó ṣe é dáadáa ló ń jọ òmùgọ̀.

Wáyà kékeré tí a fi ń tú ihò abẹ́ ṣásì lẹ́yìn òjò, àti omi tó lágbára tí a fi ń fọ inú rẹ̀, dín owó yìí kù ju ohunkóhun lọ. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, pípààrọ̀ ṣásì lódindi lè rọrùn ju lílẹ̀ ẹ́ lọ, àmọ́ nọ́ńbà tí wọ́n lù sára ṣásì náà ló wà nínú pátíkúlà. Ẹni tó bá pààrọ̀ rẹ̀ láìtún ìwé ṣe, ọlọ́pàá àkọ́kọ́ tó bá fi nọ́ńbà méjèèjì wé ara wọn lè gba mọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀.