Golden wattle kọ́ ló ń mú yín sín

Bí oṣù Kẹjọ bá ti dé ní gúúsù Australia, tí igi golden wattle sì ti tanná, ẹjọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀. Imú ń dá omi, ojú ń yún, ẹni tó ń sín á nawọ́ sí igi tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà: òun ni. Lọ́dọọdún ni. Láti 1988 ni òdòdó yìí ti jẹ́ àmì orílẹ̀-èdè náà, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án sì ni ọjọ́ rẹ̀, síbẹ̀ àwọn onílé gan-an ló ń fi í sùn.

Igi kékeré ni, mítà 3 sí 8. Acacia pycnantha ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Abẹ́ igi eucalyptus, nínú igbó tí kò dí, ló ti máa ń hù ní Victoria, South Australia àti gúúsù New South Wales. Ohun tí gbogbo ayé ń pè ní ewé rẹ̀ kì í ṣe ewé: ọrùn ewé ló fẹ̀ pẹrẹsẹ, tó tẹ̀ bí dòjé. Ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nìkan ló máa ń yọ ewé gidi, wẹ́wẹ́wẹ́ bí ewé patanmọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni òdòdó. Bọ́ọ̀lù kékeré kan ṣoṣo tí ẹ rí yẹn, òdòdó 40 sí 100 ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú (pollen) tó wà ní orí òwú rẹ̀, irú èyí tó ń mú ènìyàn sín bó bá wọ imú, kì í já ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. 16 ló ń lẹ̀ mọ́ra di ìdì kan. Ìdì náà wúwo. Bó bá já, ìdí igi ló sábà ń bọ́ sí. Kòkòrò àti ẹyẹ ló ń gbé e kiri, atẹ́gùn kọ́. Omi dídùn tí ẹyẹ ń wá kò tilẹ̀ sí nínú òdòdó: ẹ fa ẹ̀ka kan wálẹ̀, kí ẹ wo etí òkè ewé náà nítòsí ibi tó ti so mọ́ igi, ẹ ó rí ojú kékeré kan tó ń sun omi. Ẹyẹ tó bá bẹ̀rẹ̀ mu ún ló ń forí nu òdòdó.

Ohun ọ̀gbìn tó gbẹ́kẹ̀ lé atẹ́gùn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, torí kò pe ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọn orí àgbàdo tó ń tanná wò. Koríko ni àgbàdo, koríko sì ni ryegrass tí wọ́n kó wá láti Yúróòpù fún màlúù. Ta ló ń wo òdòdó ryegrass? Ojú kì í rí i, imú ló ń rí i. Àwọn tó ń fi wattle sùn á ní oṣù Kẹwàá sí Kejìlá ni koríko ń da lẹ́búlẹ́bú, àwọn sì ti ń sín láti oṣù Kẹjọ. Ó dáa. Ṣé igi cypress tó wà lẹ́yìn ọgbà yín kò lẹ́búlẹ́bú ni? Bó bá sì jẹ́ dandan kí a dá igi ìbílẹ̀ kan lẹ́bi, white cypress pine wà níbẹ̀.

Mi ò sọ pé wattle kò lè bá ẹnikẹ́ni jà o. Ẹni tó ń ki orí bọ inú ẹ̀ka rẹ̀, tàbí tó gé e sínú yàrá, lè sín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà bá dán an wò lára awọ, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ òun ni wọ́n bá nídìí rẹ̀. Ẹ ṣe àyẹ̀wò yẹn kí ẹ tó gbé àáké.

Nítorí ẹni tó gé wattle, tó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, ni ẹ̀rù ń bà mí fún. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá 2016, ìjì àrá jà ní Melbourne, lẹ́búlẹ́bú ryegrass fọ́ sínú afẹ́fẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni mímí nira fún, ènìyàn 10 sì kú. Èso ló wà lórí wattle lásìkò yẹn. Bí ẹ bá ń sín nígbà ìrúwé, bí ẹ kò tilẹ̀ ní ikọ́ fée rí, tí wọ́n bá ti ní ìjì àrá ń bọ̀ láàárín oṣù Kẹwàá sí Kejìlá, ẹ wọlé kó tó dé, kí ẹ pa fèrèsé dé.