Oníná ilé kì í ṣe oní-sólà: bí wọ́n ṣe ń dán ẹni tó ń to panó wò

Tí ẹnì kan bá ra panó sólà ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, oníná tó wáyà ilé rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pè. Iná kúkú ni iná ń jẹ́, àbí? Èrò yìí ló ń jó òrùlé. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ iná ilé, tí ọ̀gá ti gbàdúrà fún lójú ẹbí ní ọjọ́ òmìnira, mọ nǹkan púpọ̀. Àmọ́ díẹ̀ lára ohun tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́ jù lọ ni olùkọ́ sólà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Iná AC, ìyẹn iná tó ń lọ tó ń bọ̀, tí SBEE, ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ilẹ̀ Benin, ń gbé wá dà bí ẹni tó ń gúnyán. Ọmọ odó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ń yí iyán sì ń ráyè ti ọwọ́ bọ odó nígbà tó bá wà lókè. Ìgbà 100 ni iná yìí ń já sí òfo nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí èèyàn bá pa á, tí iná sì fẹ́ fò láti irin kan sí èkejì, òfo yẹn ló ń gba ẹ̀mí rẹ̀. (Iná onífésì mẹ́ta ńkọ́? Obìnrin mẹ́ta ló ń gún odó kan ṣoṣo: ti ọ̀kan ń gòkè, ti èkejì ń bọ̀, odó ò sinmi. Síbẹ̀, ọmọ odó kọ̀ọ̀kan ṣì ń gòkè ní tirẹ̀.) Ọlọ ni iná panó, tí wọ́n ń pè ní DC, ní tiẹ̀. Ọmọ ọlọ kì í kúrò lórí ìyá rẹ̀. DC kò ní òfo kankan tí yóò pa á, nítorí náà tó bá ti fò láàárín irin méjì, á máa jó lọ bí iná àwọn tó ń jó irin pọ̀, títí irin á fi yọ́ jìnnà síra tàbí tí oòrùn á fi wọ̀.

Ìdí nìyí tí brékà ilé kò fi yẹ wáyà panó: ó lè jó mọ́ra nínú, kí ẹni tó pa á sì rò pé iná ti kú. Brékà DC pàápàá, púpọ̀ nínú wọn ní ojú rere àti ojú òdì. Bí wọ́n bá gbé e kọ òdìkejì, kò ní lè pa iná náà. Ìdí nìyí náà tí a kì í fa MC4, ìyẹn ike ìsopọ̀ wáyà panó, yọ nígbà tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá. A sì lè lọ pa iná SBEE nídìí kọ́ńtà, ṣùgbọ́n ta ló máa lọ pa oòrùn? Panó tó ti rí ìmọ́lẹ̀ ti ní fóltì lára, ì báà má tíì sí wáyà kankan ní ìdí rẹ̀. Aṣọ tí ìmọ́lẹ̀ kò lè gbà kọjá ni wọ́n ń fi bò ó kí ọwọ́ tó kàn án.

Ìṣirò iye panó tí ilé kan nílò kò le, kò sì yẹ kó gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà tí panó máa kọjú sí: ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, gúúsù ni, kó dagun ní ìwọ̀n 10 sí 15, kí òjò lè máa fọ eruku ọyẹ́ dànù. Ibi tí owó ti ń jóná ni àsopọ̀. Bí panó kọ̀ọ̀kan bá ní fóltì 45 nígbà tí a kò tíì so ó mọ́ nǹkan kan, tí wọ́n so mẹ́rin tẹ̀ léra, 180 ni. Régulateur, ẹ̀rọ tó ń darí iná panó sínú bátìrì, tí kò gbà ju fóltì 150 lọ ti bàjẹ́ nìyẹn, lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mẹ́ta ni 135, ó sì ṣì yọ̀ǹda àyè fún òwúrọ̀ ọyẹ́, nítorí òtútù ń gbé fóltì panó sókè. Òótọ́ ni, òtútù: ooru ń dín panó lágbára, oòrùn ni oúnjẹ rẹ̀, kì í ṣe gbígbóná.

Wáyà náà nìyí. Ẹ gbé áńpíà 20 gba wáyà onímílímítà 4 (4 mm²), láti orí òrùlé dé ìsàlẹ̀ jẹ́ mítà 10, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 20. Ní fóltì 12, fóltì 1.75 á sọnù lójú ọ̀nà, ó ju 14 lọ nínú 100. Ẹ sọ ọ́ di fóltì 24, kí wáyà àti wáàtì má yí padà, áńpíà á di 10: ohun tó ń sọnù kò tó 4 nínú 100.

Ibi tí ìdánwò dáadáa ti ń ya ọmọ iṣẹ́ sọ́tọ̀ ni ibi tí olùdánwò ti fi àìsàn pamọ́ sínú ètò tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, tó fún un ní tẹ́sítà tí wọ́n fi ń wọn fóltì, tó sì dákẹ́. Panó tó yẹ kó ní 45 ń fi 30 hàn: ìpín mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, dáódù ìpín kan, ẹ̀yà kékeré tó ń jẹ́ kí iná yà fún ìpín náà, ti bàjẹ́. 45 wà ní ìdí panó, òfo wà ní ìdí régulateur: fíúsì tàbí wáyà. Ìwọ̀nyí rọrùn. Èyí tó ń mú àwọn àgbà iṣẹ́ làágùn ni èyí tí fóltì pé níbi gbogbo, tí bátìrì kò sì kún. Tẹ́sítà kì í fa iná tó nǹkan, nítorí náà wáyà tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo kó já á ṣì fi fóltì pípé hàn án. Irọ́ ni. Ìgbà tí ẹrù bá gùn ún lórí ló ń tú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á jẹ́ kí iná máa ṣiṣẹ́, á wá wọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ìsopọ̀ kan náà. Ó yẹ kó súnmọ́ òfo. Tó bá rí fóltì 2 níbẹ̀ nígbà tí áńpíà 20 ń kọjá, wáàtì 40 ló ń di ooru nínú ike tí kò tóbi ju ìka lọ. Píláyà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ dípò irinṣẹ́ rẹ̀ ló sábà ń fà á, tàbí MC4 ilé iṣẹ́ méjì tó wọra ṣùgbọ́n tí a kò ṣe fún ara wọn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá nìkan ló ń jẹ́rìí sí ìwé òmìnira. Ọgbọ́n tó wà nínú ìlànà ISO/IEC 17024, èyí tí ayé fi ń fún èèyàn ní ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́, ni pé a gbọ́dọ̀ ya ìdánwò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀kọ́, ìwé náà sì ní ọjọ́ tí yóò kú. ECREEE, àjọ ECOWAS lórí agbára oòrùn, afẹ́fẹ́ àti irú wọn, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Praia, ní Cape Verde, ti gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn oní-sólà, kí ìwé ẹnì kan lè ríyì kọjá ibodè. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni ìwé kíkọ. Ọmọ tó fi Yorùbá kọ́ṣẹ́ ní Kétu lè rí wáyà tó fẹ́ já láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sì kùnà lórí ìbéèrè Faransé tó ń béèrè ohun kan náà. Ó yẹ kí máàkì orí òrùlé wúwo ju ti orí tábìlì lọ.

Èyí tó gbẹ̀yìn nínú ìdánwò ni bébà kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ régulateur fún onílé. Bátìrì ni kí ó kọ́kọ́ so, nítorí láti ara bátìrì ni régulateur ti ń mọ̀ bóyá 12 ni tàbí 24. Panó tẹ̀ lé e. Nígbà títú, panó ni kó kọ́kọ́ yọ.